Ta Ló Ni Afẹ́fẹ́ Akanran?

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Òkété agbẹ́hò, ó dá lórí Baálẹ̀ Ìmàdò àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo tí í ṣe akọ̀wé wọn, ó wá lọ jókòó sẹ́nu ààrò Ìyá Àparò alákàrà. Ẹ̀yin tí ẹ ó bá mi gbe orin rẹ̀, ègbè náà ò le. Ẹ ṣáà máa fẹnu fẹ́ iná: fùù, fùùfùù.

Ní ayé ọjọ́un, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń jẹ baálẹ̀, tí wọ́n ń jẹ olóyè, tí wọ́n sì ń jẹ owó ìlú mọ́ ọn, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Akanran, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà, lẹ́yìn Ìbàdàn. Kòkó ni wọ́n fi ń yangàn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí kòkó darúgbó, ẹ̀gẹ́ gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, gàrí wá di iṣẹ́ agboolé.

Gáréèjì ni Ìyá Àparò ti ń dín àkàrà. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí yóò ti jókòó ti ààrò. Igi kòkó tó ti kú ni wọ́n ń tà fún un, igi yẹn a sì máa ta pàrà, omi a máa hó lẹ́nu rẹ̀, èéfín a gbòde. Ojú Ìyá Àparò pọ́n bí ojú ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú lánàá, bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ wà nílé, ó ń hanrun. Èédú tó dáa, Ìbàdàn ni wọ́n ń kó o lọ. Gáàsì inú sílíńdà wà lóòótọ́, ọlọ́kadà a máa gbé e wá láti Ọlọ́runṣògo, ṣùgbọ́n ní 2024 tí kílò kan kọjá 1,000 náírà, Ìyá Àparò jókòó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé àkàrà lòun yóò máa tà fi ra gáàsì, kì í ṣe gáàsì lòun yóò máa rà fi dín àkàrà. (Ẹ má bi mí bí náírà ṣe dé ayé ọjọ́un. Àlọ́ ni mò ń pa.)

Lọ́jọ́ ọjà kan, Òkété dé láti ìlú kejì, ní òdìkejì odò. Ẹni ńlá ni. Gbogbo ẹranko ló mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ ihò í gbẹ́ tó o, ó sì ti fi ihò gbígbẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀: ó ń ri ọ̀pá mọ́ abẹ́ ilẹ̀, ó ń gba inú ọ̀pá fi afẹ́fẹ́ ìdáná ránṣẹ́ sílé àwọn tó lówó. Ó kí Baálẹ̀, ó kí ìgbìmọ̀, ó tẹ́ àwòrán ìlú sílẹ̀ níwájú wọn. Ó mú bírò pupa, ó fà á láti ìdí àràbà dé etí odò, ó yí oko Ọ̀yà po, ó gba ẹ̀yìnkùlé Baálẹ̀ gan-an, ó padà sídìí àràbà.

“Gbogbo ohun tó wà nínú ilà yìí,” ó ní, “èmi nìkan ni mo láṣẹ láti pèsè afẹ́fẹ́ ìdáná fún un. Ìwé àṣẹ mi rèé, wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí i.”

Baálẹ̀ Ìmàdò wo òǹtẹ̀ náà, ó rí i pé ó tóbi. Ó ní, “A dúpẹ́. Ìgbà wo wá ni ọ̀pá ń bọ̀?”

“Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Ilà la kọ́kọ́ máa ń fà. Ọ̀pá ń bọ̀ lẹ́yìn.”

Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ kan èèkàn tí wọ́n kùn ní pupa mọ́lẹ̀ yí ìlú ká, ó jẹ iyán, ó lọ. Òjò rọ̀, ó dá, ó tún rọ̀. Ikán gun àwọn èèkàn náà. Nígbà tí igi wọ́n, Ìyá Àparò tu méjì nínú wọn fi dáná, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ooru ààrọ̀ ọjọ́ yẹn ni gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ Òkété pèsè fún Akanran títí di àkókò tí mò ń wí yìí. Ó ń fẹ́ iná, ó ń kọrin:

Òkété o, ìwọ lo fa ilà!
Fùù, fùùfùù.
O fà á nídìí àràbà, o fà á dé odò,
Fùù, fùùfùù.
Ilà ò dín àkàrà, èèkàn ò se ẹ̀kọ,
Fùù, fùùfùù.
Òkété o, iná dà?
Fùù, fùùfùù.

Ẹni tó bá rò pé inú àlọ́ nìkan ni wọ́n ti ń fa irú ilà bẹ́ẹ̀, kó lọ wo òfin epo rọ̀bì àti gáàsì tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2021. Ó wà níbẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó bá gba ìwé àṣẹ láti pín gáàsì ní agbègbè kan, òun nìkan ni yóò máa pín in níbẹ̀. Àjọ NMDPRA ló ń fúnni níwèé náà. Èrò ìdí rẹ̀ kò burú. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n fi ń ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ná an tó bá mọ̀ pé bó di ọ̀la, ẹlòmíràn lè ri tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó kó oníbàárà lọ. Wọ́n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó rówó rẹ̀ gbà padà. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ri ọ̀pá ni ọ̀rọ̀ yẹn bá wí. Ẹni tó fa ilà, tó jẹ iyán, tó lọ, owó wo ló fẹ́ gbà padà?

Iná mànàmáná ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ hàn wá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013 tí ìjọba kó iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, wọ́n pín gbogbo Nàìjíríà fún ilé-iṣẹ́ 11. Ilé-iṣẹ́ iná Ìbàdàn, IBEDC, gba Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Kwara, wọ́n bu díẹ̀ lára Èkìtì, Kogí àti Niger kún un. Ẹni tí iná rẹ̀ kò bá dára ní Ọ̀nà-Àrà kò lè ní òun fẹ́ lọ ra ti ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà, àfi kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìkẹjà. Òfin iná ti ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣètò ọjà tiwọn. Ní ti gáàsì, ọ̀pá ńlá kan gbéra ní Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó wọ abẹ́ òkun, ó kọjá Benin, ó kọjá Togo, ó dé Ghana: kìlómítà 678 gbáko. Gáàsì mọ ọ̀nà Takoradi dáadáa. Ọ̀nà Akanran ni wọn ò tíì fi hàn án.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú igbó.

Ọ̀yà ló ní oko ẹ̀gẹ́ tó tóbi jù nílùú, ìyàwó rẹ̀ ló sì ń yan gàrí. Èèpo ẹ̀gẹ́ ga lẹ́yìnkùlé wọn, ó ń rà, ó ń rùn, eṣinṣin kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Àfi bí Òbúkọ ṣe dé sílé wọn lóru, okùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ilé ìpẹran Bódìjà ní Ìbàdàn ló ti sá. Ó ti so mọ́ òpó níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, etí rẹ̀ kò sì dí: ó gbọ́ bí wọ́n ṣe lè fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì ìdáná. Ó ní ìdí tí òun fi fetí sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé òun fẹ́ mọ nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi ìfun òun ṣe.

Òótọ́ ni Òbúkọ wí. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Joseph Adélégan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé ètò kan kalẹ̀ fún Bódìjà tí wọ́n pè ní Cows to Kilowatts, ètò náà sì gba ẹ̀bùn SEED lágbàáyé ní 2005. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran tó ń ṣàn lọ sínú odò, wọ́n ní kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n sọ ọ́ di gáàsì, kí ìyókù rẹ̀ di ajílẹ̀. Ohun tí màlúù Bódìjà lè ṣe, kí ló dé tí ẹ̀gẹ́ Akanran ò lè ṣe é?

Wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú rẹ̀. Ọ̀yà fẹ́ da èèpo ẹ̀gẹ́ sí i gbuurugbu. Òbúkọ fi ìwo dá a dúró. “Gún un wẹ́wẹ́ ná. Má sì da òun nìkan sí i, yóò kan jù, àwọn kòkòrò tín-íntìn-ìntín tó ń ṣe gáàsì náà yóò kú sínú ẹ̀. Wá ìgbẹ́ màlúù pò mọ́ ọn, ara ìgbẹ́ yẹn làwọn kòkòrò náà ti ń wá, kí o sì fi omi là á títí yóò fi máa ṣàn.” Wọ́n fi tapólì nínípọn bo ẹnu kòtò, wọ́n fi amọ̀ di etí rẹ̀ yí po, nítorí ibi tí atẹ́gùn kò bá ráàyè wọ̀ ni iṣẹ́ yẹn ti ń lọ. Wọ́n fi róbà kan sójú tapólì, wọ́n mú un kọjá nínú ike omi, wọ́n fà á dé ìdí ààrò Ìyá Àparò.

Èyí tó kọ́kọ́ jáde kò gba iná. Òbúkọ ní kí wọ́n tú u dànù, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tapólì wú. Ìyá Àparò ṣáná sí i, ó fò sẹ́yìn, nǹkan aláwọ̀ aró kan sì dìde lẹ́nu róbà, kò pariwo, kò yọ èéfín. Epo gbóná. Ó fi ṣíbí ju ẹyọ àkàrà kan sí i, ó ní ṣìì, ó léfòó. Ó dín agbada kan tán, ó yí ìdí rẹ̀ sókè, ó wò ó. Kò dúdú. Ó tún un yí, ó tún un wò.

Bí àkàrà tí kò rùn èéfín ṣe dé ààfin Baálẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ìjàpá jẹ méje, ó fọwọ́ nu ẹnu, ó ní, “Kí ẹ pẹ́ fún wa, Baálẹ̀. Nǹkan kan ń jáde látinú ilẹ̀ yín, wọ́n ń fi dáná, wọ́n ń fi pawó, ẹnì kan ò sì tíì san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.”

Inú Baálẹ̀ Ìmàdò ò dùn. “Ṣé ìlú tó láṣẹ nìyẹn?”

“Kò jọ ọ́ rárá.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, kòtò Ọ̀yà ti di Gáàsì Ìlú Akanran. Ìjàpá kọ òfin rẹ̀, ó kún ojú ewé mẹ́rin: owó róbà, owó ìkòkò, owó ìdérí ìkòkò fún ẹni tó bá ní ìdérí, owó ìtanràn fún ẹni tí kò bá ní in. Ẹ sì rántí pé Akanran là ń wí o. Níbẹ̀ ni Táfà Adéoyè àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ Àgbẹ̀kọ̀yà ti ta kú mọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lọ́wọ́ lórí owó orí ní 1968 sí 1969, tí ọ̀rọ̀ di ìbọn, títí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi lọ bá wọn jókòó sọ̀rọ̀. Ìjàpá mọ ìtàn yẹn dáadáa. Ìdí nìyẹn tí kò fi fẹnu kan owó orí. Ìdáwó ló pè é.

Òórùn ló fi ọ̀rọ̀ náà tó Òkété létí. Gáàsì tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń tà, kì í lóòórùn fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń po òórùn mọ́ ọn ni, kí ènìyàn lè tètè mọ̀ bó bá ń jò. Ti Ọ̀yà ò nílò àpòpọ̀. Afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ sọdá odò, Òkété fi imú fà á, inú bí i, ó ránṣẹ́ pe Ayékòótọ́ agbẹjọ́rò.

Wọ́n pàdé nídìí àràbà, gbogbo ìlú pésẹ̀. Ayékòótọ́ wọ aṣọ dúdú lé ìyẹ́ eérú. Ó tú ìwé àṣẹ, ó kà á: “Afẹ́fẹ́ ìdáná ni afẹ́fẹ́ yòówù tó bá lè gba iná, tí a bá fi ọ̀pá tàbí ohun tó jọ ọ̀pá gbé láti ibì kan dé ibòmíràn nínú ilà pupa. Òkété nìkan ló láṣẹ lórí rẹ̀.”

Ìjàpá dìde. “Àgbà agbẹjọ́rò, mo kí yín. Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní. Ìfun ńkọ́?”

“Ìfun báwo?”

“Ṣé ọ̀pá ni, àbí kì í ṣe ọ̀pá?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ayékòótọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó yẹ ìwé wò síwá, ó yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn, ó bá Òkété sọ̀rọ̀ létí, ó ní, “Bó bá ti lẹ́nu níbẹ̀rẹ̀, tó lẹ́nu nípẹ̀kun, tí afẹ́fẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀pá ni.”

Kẹ́kẹ́ pa. Baálẹ̀ Ìmàdò, tó ti jẹ ẹ̀wà láàárọ̀, rọra sún ìdí lórí àga.

Ohun tí Ìjàpá fẹ́ ni pé kí ìlú fi Òkété ṣe yẹ̀yẹ́, kó sì ká ìwé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Òkété ti gbọ́ ohun tó dùn mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ dán. Ó ní bọ́rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ìsó tí ẹnikẹ́ni bá so nínú ilà, abẹ́ ìwé àṣẹ òun ló wà. Òun yóò fún àgbà ní ẹ̀dínwó, òun yóò sì máa gba ti ọmọdé lọ́wọ́ ìyá wọn. Ìjàpá rí i pé owó ń lọ sí òdìkejì odò, ó yí ohùn padà lójú ẹsẹ̀. Ó ní ilẹ̀ Baálẹ̀ lẹni náà jókòó sí nígbà tó so ó, iṣu Baálẹ̀ ló jẹ tó fi so ó, ìgbìmọ̀ ló ni ín. Òkété ní irọ́ ni. Ayékòótọ́ tú ìwé mìíràn. Láti ìgbà tí oòrùn wà láàárín orí títí ó fi wọ̀, wọ́n ń jà sí ìsó Akanran, àwọn tó ni inú náà sì ń di ìdí mú, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí òun yóò ti lọ sanwó.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra mọ́ lórí ẹ̀ka tó wà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣèèṣì. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ àti akọ̀wé Òkété jọ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ìsó inú ẹ̀kú, à á mú un mọ́ra ni,” Ìyá Àparò ló sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn, “ṣùgbọ́n ẹ ṣàánú wa, ta ló tíì fún eégún ní ríṣíìtì rí?” Ó bẹ̀rẹ̀ orin, wọ́n gbè é:

Baálẹ̀ ló ni ín, Òkété ló ni ín,
Fùù, fùùfùù.
Inú mi ló ti wá, wọn ò bi mí,
Fùù, fùùfùù.
Ẹ kọ mí sílẹ̀, ẹ pa mí rẹ́,
Fùù, fùùfùù.
Ẹ ṣáà jẹ́ n dín àkàrà mi ná!
Fùù, fùùfùù.

Ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Adájọ́ Àjànàkú ní Ìbàdàn. Àjànàkú sún un síwájú. Wọ́n padà lọ, wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Wọ́n tún lọ, iná ò sí ní kóòtù. Nígbà tó yá ó pàṣẹ pé kí wọ́n ti kòtò náà pa títí ìdájọ́ yóò fi wáyé, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Àṣẹ yìí dùn mọ́ ìgbìmọ̀. Wọ́n ní tapólì kò bá Gáàsì Ìlú mu, wọ́n ká a kúrò, wọ́n da kọnkéré lé ẹnu kòtò, wọ́n kọ orúkọ Baálẹ̀ sí i lára. Wọ́n di ẹnu róbà pa. Òkété mú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ wá, ìgbìmọ̀ mú tiwọn, wọ́n fi méjèèjì tì í. Òbúkọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ihò sílẹ̀ fún un. Ẹ̀gẹ́ ṣì wà nísàlẹ̀, iṣẹ́ ṣì ń lọ. Nǹkan tó wà nínú ibẹ̀ ò gbọ́ pé wọ́n sún ẹjọ́.” Ìjàpá bi í pé ọmọ ìlú wo ni. Òbúkọ ní Bódìjà. Wọ́n ní kó jókòó.

Ìyá Àparò padà sídìí igi kòkó.

Lóru, nígbà tí ìlú sùn, Òkété gba abẹ́ ilẹ̀ yọ sí yàrá Ìjàpá. Yánníbo gbé ẹmu fún wọn. N ò ní í fi àkókò yín ṣòfò lórí ohun tí wọ́n sọ, ẹ̀yin náà mọ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Wọ́n pín Akanran sí méjì lójú títì: ọwọ́ òsì fún ìgbìmọ̀, ọwọ́ ọ̀tún fún Òkété, kálukú kó máa gba owó níbi tirẹ̀, kí wọ́n sì yọ ẹjọ́ kúrò lọ́wọ́ Àjànàkú. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ò wáyé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ibi tí ilà yẹn gbà kọjá ni ìsọ̀ Ìyá Àparò. Nínú ààrò rẹ̀ mẹ́ta, méjì bọ́ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, ìkan bọ́ sọ́dọ̀ Òkété. Wọ́n ní kó máa san ìdá méjì níhìn-ín, ìdá kan lọ́hùn-ún, kó sì máa ṣọ́ra kí epo rẹ̀ má ta kọjá ààlà.

“Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù,” ó ní. “Méjì yìí ló fẹ́ da tèmi nù.”

Wọ́n dá ọjọ́ ayẹyẹ ìbọwọ́lùwé. Níbo ni wọ́n fẹ́ jókòó sí bí kò ṣe orí kọnkéré tí orúkọ Baálẹ̀ wà? Wọ́n pa àtíbàbà, wọ́n to àga. Baálẹ̀ Ìmàdò jókòó láàárín pẹ̀lú ìkòkò tábà lẹ́nu, Òkété wà lọ́tùn-ún, Ìjàpá wà lósì, agbádá funfun báláú ni gbogbo wọn wọ̀. Ayékòótọ́ bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé àdéhùn. Ìyá Àparò tó ń pín àkàrà fún àlejò ló kọ́kọ́ rí i pé omi aláwọ̀ ewé ń hó wúyẹ́wúyẹ́ létí kọnkéré náà, òórùn ọjọ́ kìíní sì ti dé.

“Baálẹ̀! Ẹ pa tábà yín!”

Baálẹ̀ yí ojú sí i. Alákàrà ló ń pàṣẹ fún òun níwájú àlejò? Kó tó la ẹnu, Òbúkọ ti da korobá omi kan lé e lórí, tábà, fìlà, ojú, gbogbo rẹ̀. Wọ́n dìde láti mú Òbúkọ. Dídìde tí wọ́n dìde ni ìwọ̀n dín lórí kọnkéré.

Gbùà!

Kò sẹ́ni tó kú. Mo fẹ́ kí ẹ tètè mọ ìyẹn, kí ẹ lè fi ara balẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kọnkéré là sí méjì ní àárín orúkọ Baálẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tó ti di ẹrẹ̀, ìgbẹ́ màlúù tó ti gbàgbé màlúù, gbogbo rẹ̀ gòkè, ó dúró díẹ̀ lófuurufú, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sára àwọn tó fẹ́ pín in. Wọn ò dá agbádá Òkété mọ̀ yàtọ̀ sí ti Ìjàpá mọ́. Ayékòótọ́ fò, ṣùgbọ́n kò tètè fò.

Ìgbà yẹn ni Igún dé. Igún ni wolé-wolé agbègbè náà, òórùn kì í sì í pẹ́ kó tó pè é. Ó yọ ìwé kékeré lápò, ó fi pẹ́ńsù sétí, ó wo kòtò, ó wo odò tí ẹrẹ̀ ń ṣàn lọ bá. “Ta ló nilé ìgbẹ́ yìí? Owó ìtanràn rẹ̀ pọ̀ o.”

Ìjàpá ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Kì í ṣe ti ìgbìmọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún títì ló wà.”

“Irọ́!” Òkété tẹ́ àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. “Ẹ wo ilà. Oko Ọ̀yà la yí po, a ò wọ inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ìwé àṣẹ mi wí, èyí tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe afẹ́fẹ́.”

“Bó bá wà nínú oko Ọ̀yà, kò sí nínú Gáàsì Ìlú,” Ìjàpá ní. “Òfin wa ò mọ kòtò yẹn rí.”

Ẹ̀yin ará mi, àwọn tó fi ọ̀sán kan jà sí ìsó, ẹ ò bá rí bí wọ́n ṣe ń ti ẹrẹ̀ sí ara wọn. Igún ní ẹnu lásán ò tó òun, ẹni tí kò bá ni ín kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Àparò ló wá bébà. Ayékòótọ́ ló fi ìyẹ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: pé Òkété kò ní àṣẹ kankan, bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ Akanran kò ní àṣẹ kankan, lórí kòtò tó wà lẹ́yìnkùlé Ọ̀yà, lórí ohun tó wà nínú rẹ̀, àti lórí ohunkóhun tó bá ti inú rẹ̀ jáde, lónìí àti títí ayé. Òkété fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ìjàpá fọwọ́ sí i, ó fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀ kó lè hàn dáadáa. Igún bu ìtanràn lé Ọ̀yà, owó àpò gàrí kan, Ọ̀yà san án láìjiyàn, ó gba ríṣíìtì.

Ó kó ẹrẹ̀ náà sí ìdí àgbàdo rẹ̀. Wọ́n wá tapólì jáde níbi tí ìgbìmọ̀ jù ú sí, wọ́n lẹ ojú tó ya, wọ́n po ẹ̀gẹ́ tuntun mọ́ ìgbẹ́ tuntun. Ìyá Àparò ń san owó èèpo fún Ọ̀yà, Ọ̀yà ń fún Òbúkọ ní ìpín tirẹ̀, agboolé mélòó kan tún ti ń gbẹ́ kòtò lẹ́yìnkùlé wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìjàpá yọ sí gáréèjì pẹ̀lú ìwé ìdáwó tuntun ní abíyá. Ó wo iná aláwọ̀ aró náà títí. Ó kí i pé ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Àparò. Ó ní ìgbìmọ̀ ti tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀wò, pé ọwọ́ òsì títì lẹnu róbà yìí wà.

“Ẹ káàárọ̀, akọ̀wé,” Ìyá Àparò ní. “Ti mélòó ni kí n bá yín dì?”

Ó ka àkàrà mẹ́fà, ó gba owó rẹ̀ kó tó nawọ́ rẹ̀ sí i, ó sì fi fọ́tókọ́pì ìwé tí Ìjàpá fọwọ́ sí wé e fún un.